Èlùbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ń Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe yín, tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù tí ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa sè nígbà tí ẹ bá délé, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Èmi kì í ṣe dókítà. Télọ̀ ni mí. Rumuomasi níbí ní Port Harcourt ni mo ti ń rán aṣọ obìnrin láti ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló gbé ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, èmi náà sì gbé máṣíìnì mi tẹ̀ lé wọn. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ó ti rẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an, ó ṣì rẹ̀ mí.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo máa ń mu omi bí ẹni tó lá iyọ̀, bí mo sì ṣe ń mu ún ni mò ń tọ̀ ọ́ dànù. Kí n tó gé aṣọ kan tán, màá ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ sí ilé ìtọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti tún lóyún, bẹ́ẹ̀ mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kí n má tàn yín, inú mi dùn sí rírù yẹn, torí àwọn búláòsì tí mi ò lè wọ̀ mọ́ tún ń gbà mí. Ojú mi wá ń ṣe bàìbàì, mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ní àgbà ló dé, mo ra gíláàsì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń kú, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí mi ò wọ nǹkan kan. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ń ṣe yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Odindi ọdún kan ni mo fi ń pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́.

Ọmọ mi obìnrin, Mọ́ríámọ̀, ló fi tipátipá mú mi lọ sí ọsibítù. Port Harcourt ni mo bí i sí, Pijin sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ó ní, “Mummy, this one no be old age o. Ẹ wọṣọ, ẹ jẹ́ ká lọ, now-now.”

A ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, síbẹ̀ àwọn tó ti wà níwájú wa kò lóǹkà. Àwọn kan ti fi bàtà àti láílọ́ọ̀nù gba àyè sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, àwọn fúnra wọn wà lábẹ́ igi níta. Wọ́n ní kí a má jẹun wá, ẹni tó ń dín ẹyin sínú búrẹ́dì sì jókòó sẹ́nu géètì gan-an, òórùn rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ wọlé. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó pè mí. Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún gún ìka mìíràn. Ṣúgà mi ti kọjá ọ̀ọ́dúnrún. Ó bi mí pé, “Mama, na your leg you take waka come here?”

Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lè jẹ́ àbúrò Mọ́ríámọ̀. Ó kọ oògùn fún mi, ó sì fún mi ní ìwé pélébé kan tí wọ́n to orúkọ oúnjẹ sí. Ìrẹsì, gààrí, iṣu, fùfú, búrẹ́dì, mínírà, gbogbo wọn ló fa ìlà pupa sí lára. Mo bi í pé kí ló wá kù. Ó ní, “Unripe plantain, Mama. Beans small. Vegetable plenty.” Mo dúpẹ́, mo jáde, mo wọ inú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, mo sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ikú ni mò ń sunkún sí. Gààrí ni mò ń sunkún sí, mo sì mọ̀ pé ẹlẹ́gàn á fi mí rẹ́rìn-ín.

Bí ìròyìn náà ṣe dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni fóònù mi ò sinmi mọ́. Ẹnì kan ní kí n máa mu omi ewúro láràárọ̀. Ẹnì kan ní àgbo kan wà tó ń wo ṣúgà sàn lọ́jọ́ méje, kí n ṣáà da oògùn òyìnbó nù. Gbogbo wọn ni mò ń sọ fún pé mo ti gbọ́. Mo dán omi ewúro wò fún ọ̀sẹ̀ kan, inú rírun ni mo fi jèrè. Oògùn ọsibítù ni mi ò fi sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìyẹn, nítorí mo ti bá àwọn tó fi í sílẹ̀ pàdé lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹnì kan ṣoṣo wà tí mi ò lè sọ fún pé mo ti gbọ́ kí n má sì ṣe é. Ẹ̀gbọ́n Sàlámátù ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Àwọn ni wọ́n wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Nígbà tí mo bí Mọ́ríámọ̀, àwọn ni wọ́n wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí nínú títí ogójì ọjọ́ fi pé. Wọ́n sunkún lórí fóònù. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ebi ò ní pa ọ́ ní ìlú onílùú. Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ní kí o máa jẹ? Èmi ni màá máa ṣe èlùbọ́ rẹ.”

Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Láti oṣù yẹn lọ, wọ́n ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, wọ́n ń bó o, wọ́n ń sá a sí oòrùn, wọ́n ń gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ kó lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Port Harcourt. Àpò kan lóṣù, wọn kò sì jẹ́ kó yẹ̀. Kí ni ìyàwó ilé fẹ́ wí sí irú oore bẹ́ẹ̀ ju pé kó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí fóònù?

Mo wá di ẹni tó ń fi ìwé jẹun. Mo ra ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, màá jókòó kọ ohun tí màá jẹ láti Sọ́ńdè títí di Sátidé. Ẹyin méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ugu láàárọ̀. Ẹ̀wà ṣíbí mẹ́rin lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹja. Ilá àti ẹran lọ́jọ́ kejì. Ìgbá tútù tí màá máa jẹ bí ebi bá ń ta mí lẹ́nu iṣẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé, màá jẹun yó kí n tó jáde lọ ra gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tí ebi ń pa lọ́jà, ohun tí kò sí nínú ìwé ló máa rà bọ̀. Mo máa ń lọ títí dé Borokiri nítorí ẹja, torí àwọn obìnrin etí omi ń tà á nígbà tó ṣì tutù. Níbi tí mo ti ń wọ kẹ̀kẹ́ padà, obìnrin kan wà tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń pọ́n yan bọ̀ọ̀lì, tó sì ń yan ẹja, ó máa ń da ata àti epo lé e lórí. Ẹja nìkan ni mò ń rà. Ó máa ń pariwo sí mi pé, “Mama, fish only? Wetin bole do you?” Mi kì í dáhùn. Bí mo bá dáhùn, màá rà á.

Ìkòkò méjì ló wà lórí iná lójoojúmọ́. Ọkọ mi ní àwọn ò lè jẹ ewé bí ewúrẹ́, ìrẹsì wọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èmi tí mi ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ni mò ń sè é, èmi ni mò ń tọ́ ọ wò bóyá ó ti jinná. Kábéèjì ni àwọn ọsibítù ní kí n máa lọ̀, kí n fún omi rẹ̀ dànù, kí n sì máa rò lórí iná bí ẹni ń ro ẹ̀bà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀bà kábéèjì dà bí ẹ̀bà, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti jẹ ẹ̀bà rí láyé rẹ̀. Ṣe ni màá jókòó sídìí rẹ̀, tí màá máa wò ó.

Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń tù mí nínú. Ó máa ń rọ̀, ó máa ń dán, ó sì funfun díẹ̀ ju èyí tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jẹ ẹ́, òkìtì kan tó tó ti ọkùnrin. Oúnjẹ alátọ̀gbẹ ṣáà ni, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ni màá tún máa wọ̀n ọ́n fún?

Oṣù mẹ́rin kọjá, ṣúgà ò wálẹ̀. Màá jí, màá tò, wọ́n á gún mi níka, nọ́ọ̀sì á sì mi orí. “Mama, you dey cheat,” ló wí lójú gbogbo èèyàn. Mo búra fún un, kò gbọ́. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀. “Ìyá Mọ́ríámọ̀, kí lo ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù?” Mo ní mi ò jẹ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, mo bá wọn tí wọ́n ń tú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, bí ẹni pé mo ti di ọ̀daràn tí wọ́n ń wá ẹ̀rí sí lọ́rùn. Rìlì òwú àti pépà bísíkíìtì kan tí oníbàárà jù sílẹ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n gbé pépà yẹn sókè, wọ́n sì wò mí. Ó dùn mí ju àìsàn náà lọ. Láti ọdún tí a ti fẹ́ra, wọn kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárín ìyẹn ni egbò yọ sí ìka kékeré ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Máṣíìnì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mò ń lò. Etí irin tí a ń tẹ̀ náà ti ya, ó ń ha mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń ránṣọ, ẹsẹ̀ tó ti kú ò sì jẹ́ kí n mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí nílẹ̀ ló sọ fún mi. Dókítà tú egbò náà, ó wò ó pẹ́. Ó ní bí ṣúgà náà ò bá wálẹ̀, egbò ò ní jiná, bí kò bá sì jiná, ẹsẹ̀ náà máa lọ láti ọrùn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń jẹun. Òun ni mo fi tẹ máṣíìnì tí Mọ́ríámọ̀ fi gbé Aluu lẹ́bàá yunifásítì fún ọdún mẹ́rin títí ó fi kàwé jáde. Pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni mo jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Mama Ovunda, ará Ikwerre, tó ti pẹ́ nínú àìsàn yìí, ló jókòó tì mí níta. Mo sọ fún un pé mò ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Kò pè mí ní òpùrọ́. Ó ní, “My sister, buy the small machine. Test yourself every morning. Wetin you chop, write am. Wetin machine talk, write am for the side. The thing wey dey do you go show face.” Mọ́ríámọ̀ ra ẹ̀rọ náà fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé oúnjẹ mi ní ojú méjì.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni epo bẹntiróòlù wọ́n, mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ò wá. Àpò èlùbọ́ mi tán. Mo kùn, mo ráhùn, mo ní ayé ti gba èyí tó kù lẹ́nu mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ ẹ̀bà kábéèjì àti ẹ̀fọ́ lásán. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò tilẹ̀ fiyè sí i, ebi ti sọ mí di onínúfùfù. Nígbà tí mọ́tò wá dé, mo ro àmàlà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ ẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Lówùúrọ̀, ẹ̀rọ gbéra sókè. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbéra. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo gbé ìwé náà sórí itan, mo fi ìka tẹ̀ lé ojú rẹ̀ méjèèjì sókè sódò, mo sì rí i.

Mo da èlùbọ́ náà sínú àtẹ, mo fi ọwọ́ pa á. Mo fi díẹ̀ sẹ́nu. Láfún wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni láfún, ẹ̀gẹ́ kan náà tó di gààrí tí dókítà fa ìlà pupa sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tí mi ò tíì sọ fún ọkọ mi títí di òní. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, láfún ló ń ṣe tà. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu? Láti òkèlè àkọ́kọ́ ni nǹkan kan ti sọ sí mi létí. Mo dákẹ́, mo ń jẹ ẹ́ lọ. Ebi oúnjẹ gidi ń pa mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba èyí tó kù lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn àgbà ti wí i.

Mo sọ fún ọkọ mi pé ó yẹ ká pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú wọn yí padà. “Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pa ọ́?” Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Ní ilé wa, ìyàwó tó bá ní oúnjẹ ọmọ ilé ń ṣe òun níbi, ẹ̀sùn ńlá ló fi kàn án yẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ṣùgbọ́n mo na ẹsẹ̀ mi sí wọn, mo ní kí wọ́n tú báńdéèjì náà fúnra wọn. Wọ́n tú u. Wọ́n bojú wò ó, wọ́n sì ní kí Mọ́ríámọ̀ tẹ nọ́ńbà náà.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “ẹ má bínú o. Ṣé nǹkan kan wà nínú èlùbọ́ yìí tí kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀?”

“Láfún ni ńkọ́!” wọ́n dáhùn tayọ̀tayọ̀. “Ta ní ń ro ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán fún èèyàn? Á máa fà, kò ní ṣeé gbé mì. Mo fi láfún sí i kó lè rọ̀ ọ́ lọ́fun.”

“Báwo ló ṣe pọ̀ tó, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ìdajì sí ìdajì. Bí mo bá rántí pé o ti rù, mo máa ń fi díẹ̀ lé e.”

Ọkọ mi ló gba fóònù, wọ́n wọ yàrá lọ, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù méjì ni Ẹ̀gbọ́n fi ṣe tí wọn ò pè mí. Bí mo bá pè, wọn ò gbé e. Mo mọ̀ pé ìtìjú ni, síbẹ̀ mo ń rò ó pé mo ti ba ilé jẹ́.

Ṣúgà wálẹ̀. Ó ti pẹ́ jù fún ìka náà, wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà jiná, ẹsẹ̀ sì kù fún mi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ tú báńdéèjì kúrò, mo ka ìka mi bí ọmọdé, mo bá mẹ́rin. Mo sunkún tán, mo bi í pé ìgbà wo ni mo lè tẹ máṣíìnì. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló sọ fún mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ní àbùlà pàápàá, ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan ló yẹ kí n jẹ, kì í ṣe òkìtì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà ò sì bèèrè. Nítorí náà, ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè bó ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ má ra èlùbọ́ tí ẹ ò mọ ẹni tó lọ̀ ọ́, ẹ sì bi ẹni tí ẹ mọ̀ náà léèrè ohun tó fi sí i. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín kí ẹ sì wò ó dáadáa lójoojúmọ́.

Mo ṣì wà láyé. Ojú mi ti là díẹ̀. Mò ń wọ bàtà bíbò ránṣọ, ọkọ mi sì ti fi rọ́bà wé etí irin náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo ṣì ń jókòó kọ̀wé oúnjẹ, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo máa ń gbé bírò sílẹ̀ tí màá ní mi ò ṣe mọ́. Ní Sátidé, màá tún gbé báàgì. Bọ̀ọ̀lì ṣì ń wù mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó máa tán, èmi náà ò ní sọ ọ́ fún yín.

Lọ́dún tó kọjá ni Ẹ̀gbọ́n Sàlámátù wá. Ẹni tí kì í wá sílé wa láìru àpò mẹ́ta, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n gbé dé. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti fún mi ní nǹkan jẹ. Wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, wọ́n wo àyè ìka náà, wọ́n sì fi ìborùn nu ojú. Ní Sátidé, wọ́n bá mi lọ sọ́jà, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n kà, wọ́n sì ń bi mí níwájú gbogbo ìsọ̀ pé, “Èyí ńkọ́? Ṣé èyí wà níbẹ̀?” Nígbà tí a délé, wọ́n lé mi jáde ní kíṣìnì. Wọ́n ní àwọn máa sè é.

Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni wọ́n sè, kò sí òkèlè kankan. Wọ́n gbé e síwájú mi, wọn ò jókòó, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo bu ṣíbí kan. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, dókítà sì ti kìlọ̀ iyọ̀ fún mi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ mi wò mí láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n mi orí pé kí n máa jẹ ẹ́ lọ. Nígbà kan rí, màá jẹ ẹ́, màá sì ní kí wọ́n bù sí i. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “iyọ̀ yìí pọ̀ jù fún mi.”

Ẹ̀gbọ́n gbé abọ́ náà kúrò níwájú mi, wọ́n padà sí kíṣìnì, mo gbọ́ tí wọ́n ń da omi, tí wọ́n ń já ewé tuntun sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n bu ṣíbí kan, wọ́n fẹ́ ẹ kó tutù, wọ́n nà án sí mi lẹ́nu.

“Tọ́ ọ wò, ìyàwó mi. Má tan mí o. Ṣé ó ti dáa báyìí?”